Ohùn Tí A Kò Tọrọ

“Kí ni ó ń sọ orin di orin ẹ̀mí?”

“Ṣé ẹnu tí ó kọ ọ́ ni kí a bi ni, tàbí etí tí ó gbọ́ ọ?”

“Bí etí bá gbọ́ ọ tí omi kò bọ́ lójú, ṣé orin ni?”

“Bí àlùbọ́sà bá mú omi bọ́ lójú, ṣé àlùbọ́sà náà ti di orin?”

“Ta ni ìwọ yìí gan-an?”

“Ìwọ tí o ń bi mí ńkọ́, ta ni ọ́?”

Báyìí ni Táòfíkì àti Mardiyah ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn tó ṣe mẹ́rin. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ta ọ̀rọ̀ náà síra wọn, ní ìkànnì kan tí Táòfíkì dá sílẹ̀, tí ó sọ ní Gbàgede Ohùn. Ọmọ Ìkìrun ni Táòfíkì, ó gba yàrá kan ní Mafoluku, iṣẹ́ ẹrù kíkó sínú bàálù ni ó sì ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú. Bí bàálù kan bá ti gbéra tí òmíràn kò tíì balẹ̀, a jókòó sórí àpótí, a fa fóònù yọ, a sì kọ èrò ọkàn rẹ̀. Kì í yá èrò ẹlòmíràn lò.

Òun ni ó kọ ọ́ pé ọjà tí kò ní ìyálọ́jà ni íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni ó ń tà, ẹni tí ọjà rẹ̀ dára a sì jókòó ti ọjà rẹ̀, a máa lé eṣinṣin. Òun náà ni ó kọ ọ́, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń ra àwọn kéékèèké kiri, pé òjòlá kì í jẹ ẹtu lẹ́nu, gbígbé ni ó ń gbé e mì. Fún ìgbà díẹ̀, a ó ṣì máa rí àwòrán ẹtu nínú ikùn òjòlá, a ó sì máa tan ara wa pé ẹtu ṣì wà. Bí ó bá pẹ́ sí i, òjòlá nìkan ni yóò kù. Àmọ́ èyí tí ó mú Mardiyah dìde jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Ṣógúnlé, níbi tí ó ti ń ta òwú àti síìpù fún àwọn aránṣọ, ni èyí tí ó kọ nípa orin. Táòfíkì ní orin ẹ̀mí ti bá àwọn àgbà tí ń kọ ọ́ sínú àwo wọ ilẹ̀ lọ, kò sì kù sí ẹnu alààyè kankan.

Mardiyah ti ń bá a fa ọ̀rọ̀ lórí ìkànnì náà tipẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ó wá sí Apakun ní ọ̀sán gangan, kí òun lè sọ fún un lójúkojú pé irọ́ ni ó pa.

Ó gbé àpò òwú kan lọ́wọ́ bí ẹni tí ń lọ bá aránṣọ. Ọkùnrin gíga kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tí ń sun bọ̀ọ̀lì, ó ń wo gbogbo obìnrin tí ń kọjá bí ẹni tí ó sọ nǹkan nù.

“Ìwọ ni Àlùbọ́sà?” ni ọkùnrin náà bi í.

“Èmi ni. Ìwọ ni Omijé?”

Ìyá oníbọ̀ọ̀lì gbójú sókè, ó wò wọ́n, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n lọ pa àlọ́ wọn síbòmíràn bí wọn kò bá ní ra nǹkan. Wọ́n rà. Wọ́n jẹ ẹ́ ní ìdúró. Mardiyah rí i pé ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ lórí ìkànnì kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí ní gbangba, èyí sì dùn mọ́ ọn ju bí ó ti yẹ lọ.

“O ní orin ẹ̀mí ti kú,” ni ó wí. “O kò tíì dé ilé wa ni.”

Ó wá ṣàlàyé fún un nípa Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí bàbá rẹ̀, Hassanat ọmọ Ìsẹ́yìn, tí ó ń bá wọn gbé ní Ìsọlọ̀. Ìyá yìí kò wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ rí. Ẹkún ìyàwó nìkan ni ó ń sun, ìdájí ọjọ́ tí ọmọbìnrin ilé bá ń lọ ilé ọkọ nìkan ni ó sì ń sun ún. Láyé àtijọ́, ìyàwó fúnra rẹ̀ ni í sun ẹkún náà. Àwọn ọmọ òde òní kò gbọ́ ọ mọ́, nítorí náà Ìyá Àgbà a máa sun ún fún wọn, ìyàwó a sì máa gbè é lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí a lè fi bẹ̀ ẹ́ tí yóò fi la ẹnu kọ orin.

“Báwo wá ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ?” ni Táòfíkì bi í.

Mardiyah mọ bí yóò ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wàsílátù, ń lọ ilé ọkọ, ó fi fóònù pamọ́ sábẹ́ ìborùn, ó sì gba ohùn Ìyá Àgbà sílẹ̀. Kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi í ránṣẹ́ sí Mafoluku.

*Ilé tí mo ti ń ṣọmọ ni mo ń fi sílẹ̀,*
*Ilé tí n ó ti ṣìyá ni mo ń lọ.*
*Ẹsẹ̀ mi kan kọ̀, ẹsẹ̀ mi kan ń sáré;*
*Ta ni yóò bá mi pàrọwà fún ẹsẹ̀ méjèèjì?*

Táòfíkì kò fèsì títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí yóò fèsì, kò bá a jiyàn. Ó ní òun tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó wà láàyè. Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè bóyá kí àwọn ará Gbàgede náà gbọ́ ọ. Mardiyah rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó kọ ọ́ padà pé wọn yóò mọ iyì rẹ̀. Kò sí èyí tí ó rántí nínú àwọn méjèèjì pé ẹni tí ó ni ohùn wà nínú yàrá kejì, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Wọ́n mọ iyì rẹ̀ ní tòótọ́. Awakọ̀ àjàgbé kan kọ ọ́ pé òun ní láti páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì kí òun tó lè gbọ́ ọ tán. Obìnrin kan láti òkè òkun kọ ọ́ pé òun kò sunkún nígbà tí ìyá òun kú, pé ọjọ́ náà ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ún. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń béèrè ìtumọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mardiyah a máa ka èsì wọ̀nyí nínú ṣọ́ọ̀bù, a gbàgbé ẹni tí ó ń béèrè síìpù. Ẹ̀rù ń bà á, irú ẹ̀rù tí ń ba ènìyàn níwájú òkun. Bí ó bá délé ní alẹ́ tí ó bá Ìyá Àgbà tí ń gbọn ẹní ìkírun rẹ̀, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Láti ọjọ́ bọ̀ọ̀lì yẹn ni wọ́n ti ń pàdé, ọ̀rọ̀ wọn sì di ìfẹ́. Nígbà tí ìfẹ́ náà gbilẹ̀, Táòfíkì wá alárinà. Bàbá Ọlálérè ni, onílé tí ó gbà á sí yàrá ní Mafoluku, àgbàlagbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ tí kì í sì í kánjú. Ó jókòó níwájú Alhaji Mùktárù, bàbá Mardiyah, ó ní ọmọ òun kan rí òdòdó kan nínú ọgbà ilé yìí.

“Iṣẹ́ wo ni ọmọ yín ń ṣe?” ni Alhaji bi í.

“Ó ń kó ẹrù sínú bàálù.”

“Bí bàálù bá gbéra ńkọ́?”

“Ó ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Alhaji Mùktárù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní fi ọmọ fún ẹni tí ń ta èrò láìsí oníbàárà.  Ìyá Àgbà kàn béèrè bóyá àlejò ti mu omi. Bàbá Ọlálérè dìde, ó ní ìkọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní kì í ṣe ìkọ̀, ìkíni ni.

Kò pẹ́ sí i ni òjòlá dé. Iléeṣẹ́ kékeré tí Gbàgede Ohùn wà lábẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ ńlá kan, iléeṣẹ́ náà sì fi ìwé àdéhùn gígùn kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ó ní ìkànnì níbẹ̀, pé àwọn lè lo ohunkóhun tí ó wà lórí rẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé náà ni bọ́tìnnì kan wà tí a kọ “Mo gbà” sí. Ẹrù wà lọ́wọ́ Táòfíkì, ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ sì wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà gbogbo ni ó ṣe: imú ni ó fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ti kọ̀wé títí nípa òjòlá, òun ni ó fi imú ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà tẹ̀ lé Mardiyah lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ń yan bọ́tìnnì, fóònù rẹ̀ sì ń pariwo nínú àpò. Lójijì ni ohùn kan jáde láti inú fóònù náà: *Ẹsẹ̀ mi kan kọ̀, ẹsẹ̀ mi kan ń sáré.* Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn ọkùnrin kan ní kí ẹni tí orí bá ń fọ́ tó báyìí tètè lo oògùn àwọn, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Oníbàárà náà mọ orin ọ̀hún, ó ń kọ ọ́ lọ, ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Ìyá Àgbà kò pariwo. Ó di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ó sì rọra jókòó.

“Ta ni ó ṣí mi lẹ́nu?” ni ó béèrè.

Mardiyah kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, ti ìborùn, ti Táòfíkì, ti bọ́tìnnì.

“Ṣé imú ni ó fi gbà fún mi?”

“Imú ni, Ìyá Àgbà.”

“Kí imú náà lọ fẹ́ ìyàwó níbòmíràn.” Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Táòfíkì ní Ìsọlọ̀, Ìyá Àgbà a dìde kúrò níbẹ̀. Gbogbo ilé sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ọmọbìnrin ilé yẹn tí ó fi ilé sílẹ̀ rí láìsí ẹkún Ìyá Àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Mardiyah kò sì ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Táòfíkì kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un: ẹ ti gbà. Ó kọ̀wé títí, ó sì di ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ń jẹ́ Diamond pè é láti iléeṣẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ràn ìkànnì rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbà á síṣẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀ àti àwọn irú rẹ̀, nínú ọ́fíìsì, pẹ̀lú owó oṣù tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú di. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́: kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ ohùn yẹn mọ́.

Kí ó tó rò ó tán, ìròyìn ti dé Ìsọlọ̀. Alhaji Mùktárù fúnra rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pe Bàbá Ọlálérè. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹni tí ó níṣẹ́ gidi ni a ń fún lọ́mọ.

Ní ọjọ́ kejì, Mardiyah lọ bá Táòfíkì ní Apakun, níbi bọ̀ọ̀lì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń sáré nítòótọ́.

“Bàbá mi ti gbà, Táòfíkì.”

“Mo gbọ́.”

“Ìyá Àgbà kò lè kọ̀ títí ayé.”

“Ó lè kọ̀ títí ayé. Ohùn rẹ̀ ni.”

“Èmi ńkọ́? Ṣé o kò fẹ́ mi tó iṣẹ́ kan ni?”

Táòfíkì wo ilẹ̀. “Bí mo bá gba iṣẹ́ yìí, gbogbo ìgbà tí orí bá fọ́ ẹnikẹ́ni ní Èkó ni wọn yóò máa lo Ìyá Àgbà. Ojú wo ni n ó fi wò ó? Ojú wo ni ìwọ náà yóò fi wò mí lẹ́yìn ọdún mélòó kan?”

Mardiyah bínú kúrò níbẹ̀. Ó ń bínú títí ó fi dé Ṣógúnlé, ó ń bínú títí ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, àfi ìgbà tí ó mú òwú lọ́wọ́ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Kò bínú mọ́. Ó ti ń fẹ́ràn ọkùnrin yìí tipẹ́. Ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀, bí a ti ń bẹ̀rù ohun tí ó tóbi jù wá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Táòfíkì kọ ọ̀rọ̀ kan sí Gbàgede Ohùn. Ó ní: “Ẹ̀yin ará mi, mo fi imú gba ohun tí kì í ṣe ti imú mi. Ohùn tí ó mú yín sunkún, a kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbọ́ ọ mọ́.”

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣì ń ya Mardiyah lẹ́nu títí di òní. Àwọn ará íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ti ń se ìrẹsì, fohùn ṣọ̀kan. Níbikíbi tí ìpolówó oògùn náà bá ti yọjú, wọn a kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ tọrọ rẹ̀ ná.” Awakọ̀ àjàgbé kọ ọ́, obìnrin òkè òkun kọ ọ́, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá kọ ọ́. Ó di ẹ̀fẹ̀, ó di àṣà, ó di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ fúnra wọn bí ẹnì kan bá fẹ́ fa ẹran yọ nínú abọ́ ẹlòmíràn. Iléeṣẹ́ náà yọ ohùn Ìyá Àgbà kúrò. Wọ́n sì ti Gbàgede Ohùn pa pẹ̀lú, gbogbo èrò tí Táòfíkì ti kọ láti ìgbà èwe rẹ̀ lọ pátá. Ẹtu ti dà nínú òjòlá.

Mardiyah rò pé bàbá òun yóò bínú gan-an. Alhaji Mùktárù jókòó síwájú ilé fún ìgbà pípẹ́, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó ju irú iṣẹ́ yẹn nù,” ni ó wí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, “nítorí ìyá tèmi.” Ó wá ní ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun: bí ìyá òun bá gbà, òun gbà.

Bàbá Ọlálérè mú Táòfíkì wá ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó ní ọ̀nà ti mọ́, kí alárinà yẹ̀bá. Táòfíkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ. Ó ní:

“Ẹ̀yin Ìyá, mo wá tọrọ ohun tí mo jí. Lọ́jọ́ tí Mardiyah bá ń kúrò nílé yìí, ṣé ẹ gbà kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n gbọ́ ohùn yín?”

“N kò gbà,” ni Ìyá Àgbà wí.

Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tún yí po, ó dé. Ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà. Bí ó ṣe di àṣà nìyẹn. Nígbà mìíràn Ìyá Àgbà a kọ̀ fún un kí ó tó dọ̀bálẹ̀ tán. Ní ọjọ́ kan ó kọ̀, ó sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un, nítorí ìkọ̀ kì í ṣe ebi. Ní ọjọ́ mìíràn ó bi í léèrè nípa ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, bí eegun ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe é, ó fi àdí ránṣẹ́ sí i, ó sì kọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá. Ìyá Mardiyah, Ìsíátù, tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́ ẹnu pé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ òun ti ń gbé ọmọ pọ̀n.

Mardiyah kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó lọ bá Ìyá Àgbà níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó jókòó tì í, ó sì ń bá a ṣa á.

“Ìyá Àgbà, kí ni ó kù tí ó fẹ́ ṣe?”

“Kò sí ohun tí ó kù.”

“Kí ló dé tí ẹ fi ń kọ̀?”

Ìyá Àgbà ju òkúta kékeré kan nù. “Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sun ẹkún fún àwọn ìyàwó. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, wọn a ní, ‘Ó yá.’ Bàbá rẹ ń sọ ọ́, ìyá rẹ ń sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó bi mí rí bóyá mo gbà. Ọmọ Ìkìrun yìí ni ẹni àkọ́kọ́.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìbéèrè náà ń dùn mọ́ mi létí. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹ̀yin náà ti ń gbọ́ orin.”

 Mardiyah mú ọwọ́ ìyá náà, pẹ̀lú ẹ̀wà tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì gbé orí lé e.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Táòfíkì dé bí ìṣe rẹ̀. Alhaji wà níbẹ̀, Ìsíátù wà níbẹ̀, Mardiyah dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì béèrè.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Àgbà ni ó bi í ní ìbéèrè.

“Fóònù rẹ dà?”

“Ó wà nílé, Ìyá. Kì í bá mi wá síbí.”

“Lọ́jọ́ náà ńkọ́?”

“Kò ní bá mi wá lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.”

“Bí o bá gbọ́ ọ tán tí o sì gbàgbé rẹ̀ ńkọ́?”

Táòfíkì gbé orí sókè díẹ̀ láti ilẹ̀. “N ó tún padà wá tọrọ rẹ̀ ni.”

 Mardiyah sún mọ́ aṣọ ìkélé. Ìyá Àgbà tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ díẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sun ẹkún ní ìdájí, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, níbi tí ó mọ̀ pé Mardiyah dúró sí.

“Hẹn,” ni ó wí. “Mo gbà.”